Ihò Ìdí Ọkọ̀ Awọ

Oníṣẹ́-awọ ń fi òrí pa ìdí ọkọ̀ rẹ̀, awọ màlúù tó nà bo igi, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sí ibi tí ọ̀bẹ ti gé e. Odò Kúdẹtì ti gbé afárá tuntun àwọn òyìnbó lọ, agbẹ̀bí sì wà ní òdìkejì odò. Nínú ilé, Kúbúrá, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ń rọbí.

“Ta ló gé e?”

“Èmi ni, Bàbá Kúbúrá,” ni ìyàwó rẹ̀ fi ẹkún dáhùn. “Kí ẹ má baà bómi lọ bí àbúrò mi ni. N ò mọ̀ pé òní ni Kúbúrá yóò rọbí.”

Oníṣẹ́-awọ fẹ́ mú abẹ́rẹ́ láti rán an, igbe Kúbúrá tún sọ.

Wọ́n gbé ọkọ̀ sómi, ìyàwó rẹ̀ wọnú rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì dí ihò náà pinpin.

“Ẹ máa tukọ̀.”