Odó Ìrọ̀lẹ́

"Màámi, ṣé iyán la fẹ́ jẹ ni?"

"Mu gààrí ẹ, kó o dákẹ́!"

Ìyàwó tísà tún gbé ọmọ odó sókè. Látìgbà tí ìsọ̀ rẹ̀ ti kógbá sílé, tó wá ku owó oṣù ọkọ rẹ̀ nìkan, aṣọ tútù ló ń gún, kí ará àdúgbò ní Ìkọ̀lé ṣáà máa gbọ́ ìró odó. Kì í pe ẹnikẹ́ni wọlé mọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o!" Ìyá Jùwọ́nlọ, aládùúgbò rẹ̀, ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. "Èmi ti gún tèmi." Kò dúró.

Ó wù ú kó pè é padà.

Òjò ṣú. Ìyàwó tísà sáré wọ àgbàlá Ìyá Jùwọ́nlọ, ó bá a da ojú odó rẹ̀ délẹ̀.

Aṣọ tútù kan já bọ́ láti inú rẹ̀.