Aago Orí Kẹ̀kẹ́ Funfun

Ọkùnrin náà ò tíì sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ tó fi tẹ aago rẹ̀ gooro-gooro lẹ́nu géètì ilé wọn ní Port Augusta. Odindi ọjọ́ mẹ́rìnlélógún ló fi wa kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti Perth.

Glenys ìyàwó rẹ̀ sáré jáde. "Háà! Wo bí oòrùn ṣe yan ẹ́ bí ẹran! Aago tuntun wo nìyẹn?"

Ọkùnrin náà fọwọ́ bo aago náà. Aṣálẹ̀ Nullarbor ni tirẹ̀ ti já bọ́. Ó rí kẹ̀kẹ́ kan tí wọ́n kùn ní funfun lẹ́bàá títì, irú èyí tí àwọn ẹbí máa ń gbé síbi tí mọ́tò bá ti pa oníkẹ̀kẹ́. Aago ara rẹ̀ ló tú, tó sì so mọ́ kẹ̀kẹ́ tirẹ̀.

"Mo rà á lọ́nà ni."

"Ó dáa, wọlé wá mu tíì. Ọ̀rẹ́ ẹ ti mu tiẹ̀."

"Ọ̀rẹ́ wo?"

"Èyí tó ṣáájú ẹ dé ni. Ọ̀dà funfun ló fi yí ife mi káàkiri. Ó ní kó o má tíì bọ́ bàtà, ẹ jọ ń padà lọ báyìí, pé aago yẹn ò gbọdọ̀ sùn síbí."