Ààwẹ̀ Ṣínà ní Foothills

"Nígbà tí mo gbààwẹ̀ nítorí àwọn olè ìjọba, ààrẹ Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ló gbé ṣíbí wá bẹ̀ mí!"

Gbogbo òṣìṣẹ́ warehouse wọn ní àdúgbò Foothills bú sẹ́rìn-ín. Ọdún tí owó epo já lulẹ̀ ní Calgary, ní Canada, nìyí, ẹ̀rín ti wọ́n.

Rodiyat nìkan ni kò bá Ṣínà rẹ́rìn-ín. Harjit ló tẹjú mọ́, ará India tó ń gbààwẹ̀ láti ti àwọn tó ń wọ́de lòdì sí ìwà ìbàjẹ́ nílé wọn lẹ́yìn.

Owú fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́ Ṣínà níkùn.

"Rodi, ẹni tó ń pariwo olè, ipò ló ń wá. Ààwẹ̀ wo? Lọ wo abọ́ oúnjẹ rẹ̀ nínú fìríìjì!"

Rodiyat ṣí abọ́ náà. Ó ṣófo, kò tilẹ̀ sí ṣíbí nínú rẹ̀.

Harjit gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Àwọn tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ni ìyàwó mi ń se oúnjẹ inú rẹ̀ fún. Ojoojúmọ́ lẹnìkan ń jẹ ẹ́ kí n tó gbé e lọ. Mo ní ebi ló ń pa onítọ̀hún, mo bá dákẹ́."

Rodiyat yíjú. "Ṣínà, ọbẹ̀ yẹ́lò wo ló wà nírùngbọ̀n rẹ yẹn?"

Ṣínà bẹ́ síta sínú snow láìwọ kóòtù, ṣíbí Harjit sì já bọ́ lápò ẹ̀yìn rẹ̀.