Ìkookò Tó Ń Kọrin Lọ́nà Ọdẹ Ẹfọ̀n

Ẹ fetí gbé àlọ́ mi, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. Ó dá lórí Ajá, tó máa ń mú àwọn ẹranko lọ síbi tí ẹran ìdọdẹ wà.

Lọ́jọ́ kan, Ìkookò bẹ Ajá kó mú òun lọ pa Ẹfọ̀n. Ẹfọ̀n yìí ti gbé lọ́dọ̀ ènìyàn rí, kó tó já okùn, tó di ẹhànnà létí odò. Ajá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín: ẹ panu mọ́."

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí Ìkookò fi gbórin sẹ́nu. Òun ló ń lé, òun náà ló ń gbè:

"Ta ni yóò pẹfọ̀n jẹ lónìí?
Jàńjànkíjàn.
Èmi Ìkookò ni yóò pẹfọ̀n jẹ.
Jàńjànkíjàn."

"Ẹ jọ̀ọ́, Ẹfọ̀n létí!" Ajá bẹ̀ ẹ́ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wọ inú koríko gíga, Ìkookò tún lé orin, ó sì gbọ́ ègbè lẹ́yìn: "Jàńjànkíjàn." Inú rẹ̀ dùn. "Ajá, o ṣeun, o wá ń gbè é fún mi!"

"Ẹ̀gbọ́n, iwájú yín ni mo wà."

Ìkookò bojú wẹ̀yìn. Ẹfọ̀n, tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gberin lọ́dọ̀ ènìyàn, ló dúró síbẹ̀. Ó fi ìwo gbé e jù sínú ẹrẹ̀.

Ajá ló wọ́ ọ jáde, tó sì mú un délé. Ìkookò wí fún àwọn ará ilé pé, "Ajá ni kò mọ̀nà."

Ajá kẹ̀yìn sí wọn. Ọ̀dọ̀ ọmọ ènìyàn, ọdẹ tó ń yọ́ rìn láìfọhùn, ló gbà lọ tààrà. Ibẹ̀ ló wà dòní.