Àwọn Tó Wà Lẹ́yìn Aṣọ Ìkélé

Ẹ̀yin ará wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

1.
Joubert Park, àdúgbò kan ní ilẹ̀ òkèèrè, ni Adéjùwọ́n gbé dàgbà, nínú fúláàtì oníyàrá méjì tí ènìyàn mẹ́tàdínlógún ń gbé. Aṣọ ìkélé ni wọ́n fi pín pálọ̀ sí mẹ́rin. Àǹtí Fẹ̀hìntọlá, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó ń di irun lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀ ojú irin Park Station, ló tọ́ ọ níbẹ̀. Láràárọ̀, ọwọ́ àǹtí yìí á yọ lábẹ́ aṣọ ìkélé pẹ̀lú ife tíì kan.

"Ọkọ mi, mu ún kó tó tutù."

Nígbà tí Adéjùwọ́n ríṣẹ́ ní Sandton, àdúgbò àwọn olówó, ó kó jáde lọ síbẹ̀. Kò jẹ́ kí ẹnì kankan níbi iṣẹ́ mọ ibi tó ti wá.

2.
Kòrónà dé, abẹ́rẹ́ àjẹsára kò sì kárí. Ilé iṣẹ́ Adéjùwọ́n ni wọ́n ní kó fi kọ̀ǹpútà ṣírò àdúgbò tí abẹ́rẹ́ yóò kọ́kọ́ dé: ibi tí ènìyàn bá ti há mọ́ra jù ni yóò ṣíwájú, torí ibẹ̀ ni àrùn ti ń tètè ràn. Ìwé tó wà lọ́wọ́ wọn sọ pé ènìyàn mẹ́rin ló ń gbé fúláàtì kọ̀ọ̀kan ní Joubert Park. Ọkàn Roseline, ọ̀gá wọn, kò gba iye yẹn. Ó wò wọ́n yí ká, ó bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni mọ inú àwọn ilé náà.

Adéjùwọ́n mọ̀ ọ́n o. Ó mọ iye búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó wà ní balùwẹ̀ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ro ojú tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi wo òun, ìtìjú sì dì í lẹ́nu. Ó tẹ mẹ́rin sínú kọ̀ǹpútà. Joubert Park bọ́ sí ipò kọkànlá.

3.
Àǹtí Fẹ̀hìntọlá pè é lórí fóònù. Ìtọ̀ ṣúgà wà lára rẹ̀, ẹ̀rù àrùn náà sì ń bà á. Ó kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn ará Sandton ò lè jẹ ata mọ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

"Ọkọ mi, ṣé ẹ ka àwa tó wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé?"

"A kà yín, Àǹtí."

"Ó dáa. Mo ti ní kí àwọn ará ilé fọkàn balẹ̀. Ọmọ wa wà níbẹ̀."

4.
Lọ́sẹ̀ kẹta, àrùn wọ fúláàtì náà, ó ń ti ẹ̀yìn aṣọ kan bọ́ sí ẹ̀yìn òmíràn. Àǹtí nìkan ni kò dìde.

Adéjùwọ́n lọ jẹ́wọ́ fún Roseline. Wọ́n rán ènìyàn lọ kà wọ́n lójúlé dé ojúlé, wọ́n pa mẹ́rin rẹ́, Joubert Park sì fò sókè sí ipò kìíní. Abẹ́rẹ́ débẹ̀ ní ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tí wọ́n sin Àǹtí.

Ilẹ̀kùn mẹ́fà ló wà nílé Adéjùwọ́n lónìí. Bó bá jí, á po tíì fúnra rẹ̀, á jókòó, á máa wo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn títí tíì náà á fi tutù. Ọwọ́ kankan kì í yọ.

Ìwọ tó ń ka èyí, bí wọ́n bá fi ọ́ sídìí ohun tí a fẹ́ pín, ka gbogbo ènìyàn, pàápàá àwọn tí ìwé kò mọ̀. Má ṣe torí ìtìjú fi ẹni tó tọ́ ọ pamọ́. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni.