Ẹ̀dọ̀ Yosr

Dókítà Munsif ń ṣe ìwádìí bí ara ọmọdé ṣe ń lo oògùn mímu nígbà tí ikọ́ fée bá gbé wọn dè. Ọmọ mẹ́wàá ló kó jọ ní ilé ìwòsàn kan ní Sfax, ìlú etí òkun. Mẹ́sàn-án ṣe bí ìwé ṣe wí. Ti Yosr, ọmọ ọdún mẹ́fà, yàtọ̀: wákàtí kan lẹ́yìn oògùn, kò sí oògùn kankan nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó mọ́ bí omi òjò.

"Nọ́ọ̀sì Dalenda, ẹ̀dọ̀ ọmọ yìí ń jó oògùn bí ẹni jó koríko gbígbẹ! Ayé ò tíì rí irú ẹ̀ rí."

"Àyà rẹ̀ ṣì ń dún bíi fèrè, Dókítà."

"Ẹ fi kún oògùn náà."

Dalenda fi kún un. Ẹ̀jẹ̀ ò yí padà. Dókítà jókòó ti ọ̀rọ̀ tó fẹ́ lọ sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Tunis. Ó ti fi orúkọ ara rẹ̀ pe ẹ̀dọ̀ náà.

Ìyá àgbà Zbeida, ìyá ìyá Yosr, ló ń fún un lóògùn, torí oògùn náà korò, ọmọ náà kì í sì í gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọjọ́ tí wọ́n dé, orúnkún ò jẹ́ kí ìyá náà rìn dáadáa. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó ti ń gun àtẹ̀gùn láìdi nǹkan kan mú, ó jẹ kúsúkúsù tirẹ̀ tán, ó tún ń wo ti ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ìyá, ara yín mà le o!" ni Dalenda wí.

"Afẹ́fẹ́ òkun ni, ọmọ mi. Inú eegun ló ń wọ̀."

"Ṣé Yosr ti mu oògùn?"

"Ṣíbí ló ṣófo yẹn, àbí o ò ríran ni?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ètè Yosr ti ń ṣú. Kò lè sọ̀rọ̀ kan parí kó tó mí.  Dalenda ní kí ìyá náà bá òun wá tíì gbígbóná, ó fa aṣọ ìkélé, ó sì jókòó ti ọmọ náà. Nígbà tí ìyá náà gbé tíì dé, Dalenda gbé oògùn lé e lọ́wọ́ bí ìṣe.

Lọ́sàn-án, Dalenda gbé ìgò ẹ̀jẹ̀ kan lọ fún dókítà. Kò pẹ́ tí dókítà fi fò sókè.

"Oògùn kún inú rẹ̀ bámúbámú! Mo ti ṣẹ́gun ẹ̀dọ̀ yẹn! Ẹ bá mi pe Tunis!"

"Yosr mu tirẹ̀ lójú mi láàárọ̀ yìí, Dókítà, ó sì ti ń sùn wọ́ọ́rọ́wọ́," ni Dalenda wí, "ẹ̀jẹ̀ ìyá àgbà rẹ̀ lẹ mú dání yẹn."