Ẹlẹ́rìí Ọládiípọ̀

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní ọdún 1958, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà Jàlálù ní Ìlobù. Ọkùnrin tó sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀ wọ kóòtù nínú oòrùn tó ń lé ewúrẹ́ wọlé; síbẹ̀ ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, ó kí bàbá náà kú ìjókòó, ó kí i kú ọ̀sán, kó tó dárúkọ ara rẹ̀. Ọlábímtán lorúkọ rẹ̀. Yunifásítì ló ti wá.

"Bàbá, olùkọ́ la ń wá," ó wí. "Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tuntun la fẹ́ dá sílẹ̀, ẹ̀kọ́ nípa inú ọmọ ènìyàn: bí a ṣe ń ronú, ohun tó ń bà wá lẹ́rù, ohun tó ń da ọkàn rú. Ọládiípọ̀ ará Ìfọ́n wà lára àwọn tó ń tọrọ iṣẹ́ náà. Òun ló ní ká wá bi yín léèrè nípa òun."

Jàlálù mọ irú ìbéèrè yìí dáadáa. Ká tó fọmọ fọ́kọ, a máa ń rán ènìyàn lọ sí àdúgbò kó lọ fẹ̀sọ̀ wádìí bóyá wèrè, ẹ̀tẹ̀ tàbí olè wà nílé ọkọ. Nígbà kan rí, àwọn ará Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ti wá bá a lórí ìjókòó yìí kan náà nítorí ọmọbìnrin wọn tí Ọládiípọ̀ fẹ́ fi ṣaya. Jàlálù sọ òótọ́ fún wọn. Ó ní orí ọmọ náà ti dàrú rí, pé odidi ìgbà òjò kan ló fi wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ nílé Fátúkàsí, oníṣègùn tí ilé rẹ̀ fara kan tòun, kó tó gbádùn. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ, wọn ò padà wá mọ́. Ọládiípọ̀ gba ìlú òyìnbó lọ, kò sì fìgbà kankan bi Jàlálù pé kí ló sọ fún wọn. Àìbéèrè yẹn ló ń dun bàbá náà títí dòní.

Fátúkàsí ti kú. Ní Ìfọ́n, iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ní ọmọ náà lọ kọ́ nígbà náà. Nínú àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ náà délé ní Ìlobù, Jàlálù àti Mùíbátù ìyàwó rẹ̀ nìkan ló kù.

"Irú ènìyàn wo ni, bàbá?"

"Ọmọlúàbí ni. Ó gbọ́n, ó sì níwà pẹ̀lẹ́."

"Ṣé ó ti ṣàìsàn rí?"

"Ibà. Ta ni ibà kì í ṣe?"

Ọlábímtán wò ó. "Àìsàn mìíràn ńkọ́? Àìsàn orí, ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ká má rí i! Orí ọmọ yẹn pé ju ti gbogbo wa lọ."

Àlejò náà yíjú sí ògiri tó ti wó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, níbi tí ilá ti hù bo ilẹ̀. "Ta ló ń gbé ibẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀?"

"Fátúkàsí, ọ̀rẹ́ mi. Àgbẹ̀ ni."

"Kì í tọ́jú aláìsàn?"

"Iṣu ló ń tọ́jú."

Ọlábímtán kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá, mi ò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ sí yín lẹ́nu. Ohun tí ẹ bá sọ ni màá gbé lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí dáadáa."

Jàlálù rántí. Ó rántí ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ náà tí irin ti bó, àti bó ṣe máa ń pe ìyá rẹ̀ nígbà tí òjò bá ń rọ̀.

"Wàláhì," ó wí, "ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí."

Àlejò náà dìde jẹ́ẹ́, ó dúpẹ́, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀. Jàlálù rí i pé inú rẹ̀ kò dùn, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ẹlòmíràn ló fẹ́ gbé iṣẹ́ náà fún.

Mùíbátù jáde láti ẹ̀yìnkùlé. "Bàbá Hàmídù, ẹ fi Ọlọ́run búra sírọ́."

"Mo gbọ́ ohun tí mo sọ."

"Èmi ni mo ń gbé ẹ̀kọ lọ bá ọmọ yẹn láràárọ̀. Ṣé ẹnu yín ò wúwo ni?"

"Ó wúwo. Òótọ́ tí mo sọ níjọ́sí ló ba ìgbéyàwó ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Jẹ́ kí irọ́ yìí bá mi tún un ṣe."

Láti ọjọ́ náà, ara kò rọ̀ ọ́. Ó ń kírun, ó ń ṣi rákà kà. Ó ń tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ Ọlọ́run, ojú sì ń tì í, nítorí ó mọ̀ pé bí ọkùnrin náà bá tún padà wá bi òun, ohun kan náà lòun máa sọ.

Nígbà tó gbọ́ pé Ọládiípọ̀ ti wá kí ìyá rẹ̀ ní Ìfọ́n, ó mú àkùkọ kan dání, ó fẹsẹ̀ rìn lọ. Mọ́ládùn, ìyá ọmọ náà, kúnlẹ̀ kí i lẹ́nu ọ̀nà, ó gba àkùkọ náà, ó sì lọ so ó mọ́lẹ̀. Ọládiípọ̀ jáde láti inú yàrá, ó dọ̀bálẹ̀.

"Olùkọ́ yunifásítì!" Jàlálù kí i. "Dìde, ọmọ mi."

"Wọn ò gbà mí, bàbá. Wọ́n ní òpùrọ́ ni mí."

"Ìwọ kẹ̀? Irọ́ wo lo pa fún wọn?"

Ọládiípọ̀ wolẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì le rárá: "Mo sọ fún wọn pé orí mi ti dàrú rí, pé Fátúkàsí ló wò mí sàn, pé ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ ló jẹ́ kí n lọ kẹ́kọ̀ọ́ yìí, inú wọn sì dùn, wọ́n ní irú mi gan-an làwọn ń wá, kí n ṣáà dárúkọ ẹnì kan tí kì í purọ́ tó lè jẹ́rìí sí i."